Àgbébọ̀ àti Ọmọ Ọlọ́mọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, kò sì sí ẹni tí yóò ní irọ́ ni. Ibi tí àwọn kan ń lò ó sí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Bí ìyálé bá bu ẹran tí ó jọjú fún ọmọ tirẹ̀, tí ó sì fi egungun lé ọmọ orogún rẹ̀ lọ́wọ́, òwe yìí ni yóò fà yọ. Bí àgbà ilé bá tún bá a wí, yóò nawọ́ sí adìẹ tí ó ń kó ọmọ kiri àgbàlá, yóò ní: “Ẹ wo adìẹ, Baba. Ẹran lásán ni, síbẹ̀ a máa fi àgógó lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nídìí oúnjẹ. Ta ni ó kọ́ ọ?” Yóò wá dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí a pè kò lè tako ẹni tí ó pè é, nítorí pé kò lè fọhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ẹ̀rí náà wọlé, ó yẹ kí a mọ ohun tí adìẹ ń ṣe gan-an.

Adìẹ ìbílẹ̀ kì í jókòó lé ẹyin ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ yé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yé e, tí yóò sì máa fi í sílẹ̀ lọ jẹ̀, títí ẹyin yóò fi tó bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, yóò wú ìyẹ́, yóò sì máa kùn. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ yóò máa re, kí ara rẹ̀ lè kan ẹyin. Ọjọ́ 21 ni yóò fi sàba. Láàárín ìgbà náà, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni yóò dìde, láti jẹ, láti mu àti láti yàgbẹ́, kí ó tó sáré padà sórí ẹyin. Yóò máa fi àgógó yí ẹyin láti ìgbà dé ìgbà, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rù. Ẹni tí ó bá gbé e sókè ní ọ̀sẹ̀ kẹta yóò mọ̀ pé kò tẹ̀wọ̀n bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Níbi tí adìẹ bá ti pọ̀, ìtẹ́ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn sábà máa ń du. Bí èyí tí ó ń sàba bá dìde lọ jẹun, òmíràn yóò wọlé, yóò yé ẹyin tirẹ̀ síbẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí onítẹ̀ẹ́ bá padà, kò ní ka ẹyin, kò ní wádìí. Yóò jókòó lé gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọlọ́sìn tí ó mọṣẹ́ fi ń fi èédú fa ilà sára ẹyin tí ó kó sábẹ́ àgbébọ̀ ní ọjọ́ kìíní, tí ó sì ń mú èyí tí kò bá ní ilà kúrò lójoojúmọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyin ọjọ́ méje yóò wà pẹ̀lú ẹyin ogúnjọ́; àwọn àkọ́pa yóò jáde, ìyá yóò dìde tẹ̀ lé wọn, àwọn tí ó kù yóò sì kú sínú èèpo. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ dúró di alẹ́, kí wọ́n gbé àgbébọ̀ àti ẹyin rẹ̀ lọ sí agọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i pé ojú ènìyàn ni ilà èédú náà wà fún. Ọjọ́ ni ọlọ́sìn ń fi í kà. Adìẹ kò mọ̀ pé ilà wà níbẹ̀.

Wọ́n ti ń lo àìmọ̀ yìí fún iṣẹ́ mìíràn tipẹ́tipẹ́. Awó a máa yé ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ní sùúrù tó láti tọ́ ọmọ. Nítorí náà, wọ́n a kó ẹyin rẹ̀ sábẹ́ adìẹ. Ẹyin awó ń gbà tó ọjọ́ 26 sí 28. Ti pẹ́pẹ́yẹ a tilẹ̀ máa tó ọjọ́ 35. Adìẹ yóò fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún ìyà tí ó yẹ kí ó jẹ, nítorí ọmọ tí kì í ṣe irú rẹ̀. (Ọlọ́sìn tí ó bá ṣe irú èyí, tí kò sì gbé omi àti àgbàdo sí ìtòsí ìtẹ́ náà, olè ni.) Bí àwọn ọmọ bá sì jáde, yóò kó wọn jẹ̀. Bí àwòdì bá yọ, yóò na ìyẹ́, gbogbo wọn yóò sì sá sábẹ́ rẹ̀.

Níbo wá ni adìẹ tí ìyálé ń tọ́ka sí wà? Ó wà. Òótọ́ ni pé adìẹ a máa fi àgógó sọ ọmọ ọlọ́mọ, a sì máa sọ òmíràn pa. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ń ṣe é ni kí a wò. Ní bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹyin tó pa, ọmọ a ti máa ké nínú èèpo, ìyá a sì máa dá a lóhùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá jáde, ìyá àti ọmọ yóò ti mọ ohùn ara wọn. Bí a bá gbé òròmọdìẹ àjèjì wá bá a lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn èyí, yóò lé e, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá gbé òròmọdìẹ ọjọ́ kan, tí a rà lọ́jà, tì í sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ tí ẹyin tirẹ̀ ń pa lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó sábà máa ń gbà á. Adìẹ dúdú a gba ọmọ funfun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní béèrè ẹni tí ó yé e. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kọ̀ nígbà tí ó bá ń lé ọmọ. Èyí tí kò gba abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kọjá ni ó ń kọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí náà wá jẹ́rìí sí kò yé e rárá.

Ẹnìkan lè dáhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, oore tí adìẹ ṣe fún ọmọ awó kì í ṣe oore pẹ̀lú, nítorí ẹ̀tàn ni a fi mú un. Èsì náà tọ̀nà. Adìẹ kò yàn láti gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò yàn láti kọ̀. Ṣùgbọ́n èsì yìí kan náà ni ó dá ìyálé lẹ́bi. Òun mọ ẹyin tí ilà wà lára rẹ̀ àti èyí tí kò ní. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú, tí wọ́n fi ọwọ́ fà wá ní ọmọ ọdún mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, ojú ọ̀sán ni ó wọlé dé. Kò sí òru tí a lè fi í sábẹ́ ìyẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí adìẹ fi àìmọ̀ ṣe, ojú tí ó là sílẹ̀ ni ènìyàn yóò fi ṣe é, iṣẹ́ náà sì wúwo. Irọ́ ni ẹni tí ó bá ní ọkàn abiyamọ yóò yọ́ sí ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń yọ́ sí èyí tí ó rọbí lé lórí, láti ọjọ́ kìíní. Kò sí àgbà tí ó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe tí ó fà yọ pàápàá kò gbè é, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà dárúkọ. Ọ̀ṣọ́ ni ìlẹ̀kẹ̀. Ìwọ̀nba ni í pọ̀ mọ, a sì lè fi í dá ọmọ ẹni lọ́lá. Òwe náà kò dárúkọ ọbẹ̀, kò dárúkọ ẹní tí a ń sùn lé, kò sì dárúkọ owó ilé-ìwé.

Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ara àgbébọ̀ yóò tún yí padà. Yóò fẹ́ tún máa yé. Ọmọ tí ó bá sún mọ́ ọn nígbà náà yóò jẹ ìsọ àgógó, ìbáà jẹ́ èyí tí ó yé fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí a tì sábẹ́ rẹ̀ lóru. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn ni yóò lé, kò sì ní yọ ọ̀kan sílẹ̀.