Ẹnu Tí A Háyà

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Báyìí ni àwọn baba wa wí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ṣùgbọ́n bí ọjà náà bá jẹ́ ìṣègùn ńkọ́? Ẹni tí ń ṣe àgúnmu fún aláìsàn, irú àgúnmu wo ni ó tọ́ kí ó lò fún òwò tirẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ bá mi dé Ẹlẹ́kọ, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti Ajah, bí a bá ti kọjá Sangótẹ̀dó àti Awóyáyà, ilé tuntun ni à ń rí lọ́tùn-ún lósì títí a ó fi dé oríta Ẹlẹ́kọ. Ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí àti ilé ìfọpo Dangote ní ìhà ibẹ̀, èrò sì ń wọ̀ ọ́. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ sí ara wọn. Nílé wa, bí eyín bá ń dun ènìyàn, aládùúgbò ni yóò bi léèrè ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Níbi tí aládùúgbò kò ti mọ aládùúgbò, fóònù ni à ń bi. Ibẹ̀ ni gbajúmọ̀ orí Instagram tàbí TikTok ti ń pàdé wa: yóò rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ yóò funfun bí òwú, yóò sì dárúkọ dókítà tí ó ṣe é fún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń gbé níbẹ̀ rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Èjí wà lẹ́nu rẹ̀. Èjí ìyá rẹ̀ ni. Ó lọ, wọ́n ha iwájú eyín mẹ́fà, wọ́n lẹ tánganran mọ́ wọn, èjí dí. Lónìí, omi tútù kò ṣeé mu fún un. Ara líle tí ó bo eyín kì í hù padà bí a bá ti ha á kúrò; èyí tí a lẹ̀ mọ́ ọn yóò sì gbó, yóò fẹ́ pípààrọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún un kí ó tó jókòó. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe ti gbajúmọ̀ náà, wọ́n sì tún fi owó lé e.

Bí ẹnìkan bá wí pé ṣebí àwa náà ni a ni oríkì, tí a sì ń sanwó fún onílù, èmi yóò dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní gbangba ni a ti ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Gbogbo ẹni tí ó wà lágbo ni ó rí i, olúkúlùkù sì mọ ibi tí òun yóò gba ìyìn náà gbọ́ dé. Gbajúmọ̀ yìí fi owó sápò, ó wá ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ìyìn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, owó kọ́. Ìfipamọ́ owó ni.

Síbẹ̀, ẹ̀bi dókítà ni ó pọ̀ jù lójú mi, nítorí òun ni ó kọ́ṣẹ́, òun ni ó mọ ewu. Ìlànà ìwà tí àjọ MDCN fi lélẹ̀ fún àwọn oníṣègùn àti oníṣègùn eyín ní Nàìjíríà kọ̀ fún wọn láti máa polówó ara wọn kí wọ́n lè fa aláìsàn. Ẹni tí a ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó háyà ẹnu ẹlòmíràn? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Ẹni náà ni ó sì yẹ kí ó jíhìn iṣẹ́ tí ó rán.

Wọn a ní dókítà tuntun ní ìlú tuntun gbọ́dọ̀ di mímọ̀, àti pé ìbẹ̀rù àga dókítà ń mú kí eyín ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹrà mọ́ wọn lẹ́nu. Òtítọ́ ni. Nítorí náà, kí gbajúmọ̀ kọ́ wa bí a ti ń tọ́jú eyín, kí ó lé ẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbowó, kí ó wí. Láti ọdún 2009 ni àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó gba owó tàbí ẹ̀bùn láti yin ọjà lórí ayélujára gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ̀. Nílé níhìn-ín, òfin ọdún 2022 tí ó dá ARCON sílẹ̀ ní kí a yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde. Òfin wà, ẹ̀rí-ọkàn ni ó kù.

Aṣọ tí kò bá ni mu, a lè dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Eyín tí a ti ha, ọjà wo ni a óò dá a padà sí? Kí onílù máa lù. Ṣùgbọ́n kí owó wà níwájú orí rẹ̀, kí gbogbo wa rí i.