Ẹ Ti Ọwọ́ Bọ Inú Òkìtì Náà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń sọ ọmọdé di àgbà, tí ó sì ń sọ alágbára di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́ dìde. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.



Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí wa. Ìyá rẹ̀ ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, dókítà sì ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ni òun àti aya rẹ̀ ń bá kiri. Ó béèrè pé: "Bí mo bá mú ìyá mi lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, ṣé n kò tíì já a sílẹ̀?"

Ìbéèrè yìí wúwo. Nínú Súrà Isrāi, àáyà 23 àti 24, Ọlọ́hun so dídára sí òbí mọ́ ìjọsìn Rẹ̀. Ó kọ̀ fún wa kí á tilẹ̀ ṣe ṣíọ̀ sí wọn ní ọjọ́ ogbó. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni àáyà náà sì ti sọ̀rọ̀ ogbó òbí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lágbára rẹ̀, ilé tirẹ̀ ni kí ó ti tọ́jú wọn. Àwọn àgbà wa náà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni lórí. Bí àìsàn bá kọjá ohun tí ọwọ́ ọmọ lè ṣe, kí ó wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn kò gbé ìbéèrè Ọlọ́hun fún un. Nítorí náà, ó di dandan kí ó yẹ ilé náà wò dáadáa.

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Hadiisi tí Muslim gbà wá kọ́ wa. Ànábì wa kọjá níbi òkìtì ọkà ọlọ́jà kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé oníjìbìtì kò sí lára wa.

Òdòdó ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀rín ọ̀gá ilé, òkè òkìtì ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìjọba tí à ń pè ní CQC ti ń bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò láti ọdún 2009. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò: ṣé ewu kò sí níbẹ̀, ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, ṣé àánú wà, ṣé wọ́n ń dáhùn sí ohun tí oníkálukú nílò, ṣé àkóso rẹ̀ dára. Ipò mẹ́rin ni wọ́n ń fún ilé, láti èyí tí ó ta yọ dé èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n, òfin sì ní kí ilé náà lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ kà á, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, nítorí ọ̀gá lè ti yí padà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ ti ọwọ́ tiyín bọ̀ ọ́. Ẹ lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ àti ìdí àwọn tí kò lè dá yí ara padà: bí wọn kò bá yí wọn lóòrèkóòrè, egbò yóò jẹ wọ́n níbẹ̀. Ẹ wo ife omi: èyí tí ọwọ́ arúgbó kò tó kì í ṣe omi. Bí ó bá tẹ agogo, ẹ ka ìṣẹ́jú tí ẹnìkan yóò fi dé. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ó wà lóru. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà, àti bóyá wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Ẹ béèrè oúnjẹ hàláàlì, àlùwàlá, kíbílà, àti bóyá obìnrin ni yóò máa wẹ ìyá.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ sì pọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ fún ìyá oníyàá lómi, tí ẹ kò sì fún un, ọkà tútù ni ẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn. Ọ̀gá lè má rí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun rí i.

Sí arákùnrin wa: bí ilé náà bá yege, mú ìyá lọ, ṣùgbọ́n má ṣe fi í síbẹ̀ kí o sì gbàgbé. Rántí ọkùnrin inú ihò àpáta tí Bukhari àti Muslim gba ìtàn rẹ̀ wá, ẹni tí ó dúró ti àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ife wàrà lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé wọ́n ti sùn. Kò sí òṣìṣẹ́ tí a lè sanwó fún láti bá wa dúró bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí wa bí wọ́n ti kẹ́ wa ní kékeré. Àmín.