Ǹjẹ́ Àìmọ̀ Ẹni tí ń Sáré jẹ́ Àwíjàre?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ni pé bí ènìyàn méjì bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ, ó yẹ kí wọ́n kojú ara wọn. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn. Bí ojú kò bá rí ojú, ọ̀rọ̀ kò lè wáyé. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì wáyé, ẹ̀bẹ̀ kò lè dé etí ẹni tí a ń bẹ̀. Láti inú ìtumọ̀ kejì yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti jáde. Bí ènìyàn bá ń sáré kọjá débi pé kò lè mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ǹjẹ́ àìmọ̀ rẹ̀ tó láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi?

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Fìdítì. Oríṣi ọ̀nà méjì ni ó wà ní agbègbè Afijió tí a wà yìí. Ọ̀kan ni ọ̀nà ọlọ́dà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn wá, tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí Ọ̀yọ́. Èkejì ni àwọn ọ̀nà yangí tóóró tí ó gba inú oko ọsàn, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko ẹ̀gẹ́ lọ sí àwọn abúlé. Ọkọ̀ kì í sábà dé orí wọn. Àgbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n, alùpùpù a máa gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà a sì máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere mi níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sinmi. Láti orí kẹ̀kẹ́ yìí ni mo ti ń rí ìbéèrè náà dáradára. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni ó ti kọ́kọ́ bá mi.

Ní àsìkò kan tí a ń lọ máàkì ìwé ìdánwò, àwa olùkọ́ mẹ́rin háyà ọkọ̀ kan. A ti pẹ́. Bí a ti jáde sẹ́yìn ìlú, a rí bàbá àgbà kan tí ó jókòó sórí koríko, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì na ọwọ́ kan sókè. Awakọ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀, ó bèèrè bóyá kí òun dúró. Èmi tí mo jókòó níwájú ni mo dá a lóhùn pé, "Bàbá ń kí wa ni. Máa lọ." Gbogbo wa juwọ́ sí bàbá, ọkọ̀ sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Bàbá ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, egungun ojúgun rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Kò kí wa. Ó ń pè wá ni. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kàn án ní àtàrí, ọkọ̀ púpọ̀ sì kọjá. Ọmọdékùnrin kan tí ó fi kẹ̀kẹ́ ru ọsàn láti ọ̀nà oko ni ó dúró, nítorí pé nígbà tí ó súnmọ́ tòsí, ó gbọ́ tí bàbá ń kérora. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ní ilé rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé mo wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Kò bínú. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Tíṣà, mo rí yín. Ẹ juwọ́ sí mi."

Àwíjàre mi ni pé n kò mọ̀. Òtítọ́ sì ni: bí mo bá mọ̀, èmi ìbá sọ̀ kalẹ̀, ìdánwò ìbá sì dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gba ẹjọ́ yìí rò, nítorí Yorùbá gbà pé àìmọ̀ a máa dín ẹ̀bi kù. Bí àlejò bá fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí àgbà ní ibi tí kò ti mọ àṣà, a kì í bá a jà. A máa ń kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé àìmọ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Àìmọ̀ kan wà tí ó bá ènìyàn láìrò tẹ́lẹ̀, bí ti àlejò náà. Òmíràn wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, bí ti ẹni tí ó di etí méjèèjì, tí ó wá ń búra pé òun kò gbọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí ń sáré kò di etí. Kò wá àìmọ̀ kiri, àkókò ni ó ń lé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí òwe tí ó ní ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ẹni tí ó sọ òkò náà kò fojú sun ará ilé rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òkò yóò bà. Síbẹ̀, òwe kò gbà á láyè láti sọ pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ènìyàn wà lọ́jà. Ìyẹn nìkan ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bọ́ sínú ọkọ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nípa tèmi, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ bi mí léèrè. Ọwọ́ tí a nà sókè lè jẹ́ ìkíni, ó sì lè jẹ́ ìpè. Nínú ìtumọ̀ méjèèjì, èyí tí kò ní dá mi dúró ni mo yàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Kí á sọ pé láti 50 mítà ni a ti rí ẹni tí ó na ọwọ́. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan yóò kọjá lára rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Kẹ̀kẹ́ tí ń lọ ní 15 kìlómítà ní wákàtí yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹlẹ́sẹ̀ yóò lo nǹkan bí 36. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá 12, ojú á rí ojú, etí á gbọ́ ìkérora, ẹnu á sì ráyè bèèrè pé, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Láàrin méjì, a ó kàn juwọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa àṣà ìkíni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò mọ̀ pé "ẹ kú oko" ni a ń kí àgbẹ̀, pé "ojú gbooro o" ni a ń kí onídìrí, pé "ajé á wọgbá o" ni a ń kí ọlọ́jà. Kí ni ìdí tí ìkíni Yorùbá fi pọ̀ tó báyìí? Ìdí ni pé ẹnikẹ́ni kò lè kí ènìyàn bí ó ti yẹ láìkọ́kọ́ wo ohun tí onítọ̀hún ń ṣe àti ipò tí ó wà. Kí á tó kí, a ó ti rí. Lórí ọ̀nà yangí, mo máa ń kí tó ogún ènìyàn kí n tó dé abúlé tí mo ń lọ, mo sì máa ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti ẹni tí òjò wó ògiri rẹ̀. Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìkíni ni mo kí aláìsàn ní kíkí ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ọ̀nà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀nà kékeré nínú ìtàn. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n kà sí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n là fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1906. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti ń gba agbègbè yìí kọjá tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ titun dó ní ọdún 1830 sí 1840, àti nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, ẹsẹ̀ ni àwọn tí ogun lé kúrò nílé fi rìn. Ẹni tí ó bá ń sá fún ogun kò ní ju ọwọ́ tí yóò nà sókè lọ. Bí gbogbo ẹni tí ó wà lọ́nà bá ti juwọ́ padà tí wọ́n sì kọjá, èwo nínú àwọn ìlú wa ni ìbá kún?

Mo mọ àtakò tí yóò wá. Ẹnìkan yóò ní, "Olùkọ́, ṣé o fẹ́ kí a wà lórí yangí títí ayé ni?" Àtakò gidi ni. Aboyún tí ọmọ ń rọ́ lójijì kò nílò kẹ̀kẹ́; ọkọ̀ tí ó yára àti ọ̀nà tí ó dán ni ó nílò. Àgbẹ̀ tí ọsàn rẹ̀ ń jẹrà nínú oko nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù kò lè wọlé kò ní rí ẹwà kankan nínú ọ̀nà tí mo ń yìn. Nítorí náà, n kò sọ pé ìyára jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré nítorí ọmọnìkejì rẹ̀ ti wo ojú ẹnìkan kí ó tó sáré. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyára jẹ́ gbèsè: bí a bá ti yá a, ó yẹ kí a ṣọ́ra tó iye tí a fi yára.

Àwọn kan yóò tún sọ pé kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà yangí jẹ́ ti òtòṣì, pé àwọn ìlú tí ó ti lajú ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń sọ àwọn ojú irin tí kò wúlò mọ́ di ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Vías Verdes ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n sì ti ju 3,000 kìlómítà lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 36 kìlómítà, ti Puerto Serrano lọ sí Olvera, ìlú àtijọ́ kan tí àwọn ilé rẹ̀ funfun, tí odi àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ sì wà lórí òkè rẹ̀. Fún ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣe la ọ̀nà náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kankan kò gbà á rí. Ọ̀nà tí a là nítorí ìyára ti di ti ẹni tí kò kánjú, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Àlejò lè rọra gun kẹ̀kẹ́ gba abúlé kọjá, kí ó máa wo ilé àti òkè bí ẹni ń wo àwòrán, kí ó má sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ kì í sọ ènìyàn di ọmọlúàbí. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba àwíjàre lọ́wọ́ ẹni. Bí mo bá ti kọjá lára bàbá lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ náà, n kì bá lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò mọ̀. Ọmọ tí ó ru ọsàn náà lè kọjá; ó dúró. Ìwà tirẹ̀ ni a rí. Tèmi, inú ọkọ̀ ni mo fi pamọ́ sí.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé àìmọ̀ ẹni tí ń sáré lè dín ẹ̀bi kù, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ra àìmọ̀ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà ìkíni, ẹ mú wọn jáde sí ọ̀nà abúlé, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wo ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá rí ọwọ́ tí a nà sókè tí kò sì dá yín lójú, ẹ gbà pé ìpè ni títí ẹ ó fi mọ̀ pé ìkíni ni. Bàbá ti ń rìn báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí mo bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ó máa ń na ọwọ́ sókè, mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀.