Ibi Tí A So Okùn Mọ́

Bí òjò bá ti mu ilẹ̀ yó ní Òkè-Ògùn, ọ̀nà oko kì í ṣe ọ̀nà mọ́. Ẹni tó wà lójú ọ̀dà lè máa sáré bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìpàpó, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ta lójú ọ̀dà. Ọkọ̀ tó máa kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí ẹ̀pà gbọ́dọ̀ yà sínú igbó, kó gba ipa tí tírákítọ̀ ti gbẹ́ di kòtò, kó sì la odò kékeré tí kò ní afárá kọjá. Ibẹ̀ ni táyà ti máa ń yí lójú kan. Awakọ̀ á tẹná, táyà á túbọ̀ máa walẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ á fi jókòó sórí ẹrẹ̀.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ọkọ̀ fọ́ wíìlì, bíi Hilux tàbí Land Cruiser, ṣe máa ń ronú kan wíńṣì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ níwájú ni. Iná bátìrì ló ń yí àgbá irin kékeré inú rẹ̀, àgbá náà á sì máa ká okùn mọ́ra títí ọkọ̀ yóò fi jáde. Ilé iṣẹ́ Warn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ti ń ṣe irú rẹ̀ tó ń lo iná láti 1959. Agbára ẹ̀rọ náà ni olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni, ó sì ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn babaláwo, àwọn àlùfáà àti àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe mọ́tò sáyé: ǹjẹ́ ẹni tó há lè yọ ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ti agbára lóhùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ní kí agbára wíńṣì tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Hilux tó gbẹ́rù kún á tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 3,000. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500, èyí tó sún mọ́ páùnù 10,000, torí páùnù ni wọ́n máa ń kọ sára ẹ̀rọ náà. Ẹrẹ̀ tó di táyà mú ló fa àlékún yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í mọ̀ ni pé ìgbà tí ìpele okùn kan ṣoṣo bá kù lórí àgbá ni agbára tí wọ́n kọ yẹn ń pé. Bí okùn bá ti ń pọ̀ sí i lórí àgbá ni agbára ń dín kù. Nígbà tí àgbá bá fi máa kún, ó lè ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá wá fi púlì kún un, tó gbé okùn gba inú rẹ̀ tó sì dá orí okùn náà padà sára ọkọ̀, agbára rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn okùn á falẹ̀. Agbára kọ́ ni ìṣòro, nígbà náà. Owó lè rà á, ọgbọ́n sì lè bù kún un.

Ibi tí a so okùn mọ́ ni ìṣòro.

Ní 1786, akéwì Jámánì kan tó ń jẹ́ Gottfried August Bürger tẹ ìtàn Báróònì Münchhausen jáde lédè ìlú rẹ̀. Nínú rẹ̀, báróònì yìí àti ẹṣin rẹ̀ rì sínú àbàtà. Ó ní òun di irun orí ara òun mú, òun sì fa ara òun àti ẹṣin jáde. Ọmọdé Ìpàpó tó ti rí ọkọ̀ tó há rí á mọ̀ pé irọ́ ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ní 1886, onímọ̀ ọgbọ́n orí Friedrich Nietzsche fi ìtàn náà ta ko àwọn onímọ̀ tó ní ìfẹ́ inú ènìyàn kò ní orísun kankan ju ara rẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń gbìyànjú láti fi irun ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ jáde kúrò nínú òfo. Isaac Newton sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti 1687 pé ohun tí a bá fà ń fà wá padà ní ìwọ̀n kan náà. Wíńṣì tí a so okùn rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tó gbé e, ì báà ní agbára páùnù 20,000, kò ní sún ọkọ̀ náà ní íǹṣì kan. Àfi kí okùn kan ohun tó dúró lórí ilẹ̀ líle, ohun tí kò sí nínú ẹrẹ̀ yẹn rárá.

Yorùbá ní bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fagbó. Kò sí ìfà tó dá dúró.

Ìdí nìyí tí ìjókòó wíńṣì fi ṣe pàtàkì ju wíńṣì fúnra rẹ̀ lọ. Bọ́ńpà tó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ páànù fẹ́lẹ́ tàbí ike. Wọn kò ṣe é fún ìfà. Ẹni tó bá de wíńṣì mọ́ ọn so ó mọ́ aṣọ, kò so ó mọ́ egungun. Ìjókòó gidi jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọ̀pá ṣáásí méjèèjì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni bọ́ńpà irin tí wọ́n ṣe ìjókòó sínú rẹ̀: ó lágbára, ó ń dáàbò bo iwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé sípíríìǹgì iwájú lè nílò àtúnṣe. Èkejì ni irin tó fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ṣeé yọ, tó ń wọ inú ihò irin tí wọ́n fi ń fa tírélà, tí a lè lò níwájú tàbí lẹ́yìn bí ihò bá wà níbẹ̀, tí a sì lè gbé sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí eruku má bà á jẹ́. Kò lè lágbára ju ihò tó wọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan. Jórinjórin tó mọṣẹ́ lè ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, àmọ́ bóòtù ni kó fi dè é. Iná ìjórin lè ba líle irin ṣáásí jẹ́.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ nílẹ̀ yìí ló ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Ògún, Ògún sì ní ẹ̀kọ́ kan fún wọn lórí irin. Nínú ìtàn tí Bọ́lájí Ìdòwú mẹ́nu bà nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, igbó dí mọ́ àwọn òrìṣà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé ayé. Òrìṣà-ńlá fi àdá òjé gbìyànjú, àdá náà tẹ̀. Ògún yọ àdá irin, ọ̀nà sì là. Kì í ṣe pé Òrìṣà-ńlá kò ní agbára. Ohun tó dì mú ni kò tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo orí bóòtù bóyá wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí i, èyí tó ń fi líle rẹ̀ hàn, ẹ̀kọ́ ìtàn yẹn gan-an ló ń tẹ̀ lé.

Kí wá ni Ifá sọ sí ìbéèrè wa? Nínú àwọn ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kó jọ, ọ̀kan wà tí Ọ̀rúnmìlà ti bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Olúkúlùkù ní òun lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìrìn bá gbé òrìṣà kan dé ìlú àwọn baba rẹ̀, tí wọ́n fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, tó jẹ, tó yó, ilé ló ń padà sí. Orí nìkan ni kì í padà. Ẹsẹ mìíràn sì sọ bí àwọn Orí ṣe pàdé tí wọ́n ń gbìmọ̀ láìpe Ẹsẹ̀ sí i, tí ìmọ̀ràn wọn kò fi lè di ṣíṣe títí wọ́n fi pè é.

Ìjìnlẹ̀ wà nínú èyí. Orí wà lára ènìyàn, síbẹ̀ ènìyàn ń bọ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ tẹni, ó sì ju ẹni lọ. Ẹsẹ̀ náà, tíí ṣe akitiyan, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Yorùbá kò sọ pé ènìyàn lè dá fa ara rẹ̀ jáde, kò sì sọ pé kó ká ọwọ́ lẹ́rán títí ọ̀run yóò fi fà á. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí, okùn sì gbọ́dọ̀ mú nǹkan.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tó pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn lónìí, ti Kìrìsìtẹ́nì àti Ìsìláàmù, ti gbé ìbéèrè kan náà yẹ̀ wò. Pelagius, ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó, kọ́ni pé ìfẹ́ inú ènìyàn tó láti ṣe rere. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlìjíríà lónìí, ní láìsí oore-ọ̀fẹ́ ìfẹ́ inú yẹn kò lè dìde. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi ní 418. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Ànábì ní kó so ó, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Àlùkùránì, nínú Súrà Kẹta, ẹsẹ 103, pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí gbogbo wọn lápapọ̀ di okùn Ọlọ́run mú.

Ìtàn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wíńṣì jù lọ wà nínú ìwé Jeremáyà, orí kejìdínlógójì. Wọ́n ju wòlíì náà sínú kòtò tí kò ní omi, ẹrẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì rì sínú rẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ebedi-Meleki, ará Etiópíà tó ń ṣiṣẹ́ láàfin, lọ bá ọba sọ̀rọ̀, ọba sì ní kó mú ọgbọ̀n ọkùnrin dání. Kí wọ́n tó fà, ó kọ́kọ́ lọ sí yàrá abẹ́ ilé ìṣúra, ó kó àkísà, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ fún Jeremáyà, ó sì ní kó fi wọ́n tẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ kí okùn má bàa bó o lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fà á gòkè. Ẹni tó lágbára pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ọlọ́gbọ́n inú rẹ̀ ni ẹni tó rántí àkísà.

Ó yẹ kí onímọ́tò Ìpàpó rántí àkísà yẹn pẹ̀lú, torí pé igi ni okùn rẹ̀ máa ń mú jù. Igi tó sì dúró gbọn-in létí ọ̀nà oko níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ igi ẹmi, igi irúgbá tàbí kaṣú. Igi wọ̀nyí ní olóhun. Láti ara ẹmi ni òrí ti ń wá, láti ara irúgbá ni irú ti ń wá, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ń fi wọ́n bọ́ ilé. Wáyà irin tí a fi dè wọ́n ní ìhòòhò á gé èèpo wọnú. Bí èèpo bá sì gé yíká igi, oúnjẹ tí ewé ń ṣe kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò mọ́, igi náà á kú díẹ̀díẹ̀. Ẹmi sì lè lo ọdún 15 tàbí 20 kó tó so èso tó ní láárí. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún igi, tí wọ́n ń fi ìkọ́ irin so mọ́ okùn wíńṣì, ló ń dènà èyí. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ nìkan: ẹni tí nǹkan gbà sílẹ̀ jẹ ohun náà ní gbèsè.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wíńṣì yóò pa àṣà kan. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó há máa ń kó gbogbo ẹni tó wà lóko jọ: wọn á gé ewé sábẹ́ táyà, wọn á wà á, wọn á tì í. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lè rò pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ mú irun orí Münchhausen lọ́wọ́. Nínú pápá gbalasa tí kò sí igi, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni okùn á kan, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn kí wọ́n rì táyà àfikún mọ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe lójú òjò. Nígbà tí okùn bá le, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tó ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, torí wáyà tó bá já ń fò bí ẹgba, ó sì lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra wíńṣì kí òjò tó dé, kó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó yẹ ṣáásí wò. Kó ra ìjókòó tó dára, bẹ́líìtì igi, púlì àti ìbọ̀wọ́ aláwọ, kó tó fi owó tó kù wá ẹ̀rọ tó bá ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ̀ mu. Bó bá sì rí ẹlòmíràn tó há lójú ọ̀nà oko, kó dúró, kó na okùn sí i.