ỌKỌ̀ TÍ Ó PẸ́, TÍ KÒ GBÉ ÈRÒ
Ẹ̀kọ́ kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 7:1-16, Lúùkù 5:1-7

 

Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, ó kan igi líle. Nígbà tí àwọn onímọ̀ hú u jáde, ọkọ̀ ojú omi ni! Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì gùn ju mítà 8 lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. A kò tíì rí ọkọ̀ tí ó dàgbà tó o ní Áfíríkà.

Kí ló pa á mọ́? Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tútù bò ó, afẹ́fẹ́ kò ráyè débẹ̀, igi kò sì jẹrà. Nítorí náà, ìwọ tí wàhálà bò mọ́lẹ̀ bí ẹrẹ̀, má bọ́hùn. Ọlọ́run lè fi ẹrẹ̀ pa ènìyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: láti ìgbà tí ẹrẹ̀ ti bo ọkọ̀ yẹn, èrò mélòó ni ó gbé? Kò gbé ẹnì kan ṣoṣo. Damaturu ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wíwò nìkan ni à ń wò ó.

Àwa Kérúbù àti Séráfù, Ọkọ̀ Nóà ni à ń pe ẹgbẹ́ wa. Ọdún 1925 ni Ọlọ́run lo Baba Mósè Orímọ́ládé àti Ìyá Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n láti tì í sójú omi ní Èkó. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Ògo ni fún Olúwa! Ṣùgbọ́n Nóà kò kan ọkọ̀ fún ìran wíwò. Ọkọ̀ Símónì pàápàá, òfìfo ni títí Jésù fi wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹja kún un.

Ta ni a gbé lọ́dún yìí? Opó tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìkọ̀tún ńkọ́? Ọmọ tí kò ríṣẹ́ ní Ìgàndó ńkọ́? Ẹlòmíràn dé ẹnu ọ̀nà wa, ó padà nítorí pé kò ní sùtánà. Ẹ̀yin aṣọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó wọlé.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ wa di ohun àwòyanu lásán. Kí èrò kún un dé etí. Ọdún á yí po fún wa láyọ̀ o. Àmín.