Àṣàrò Òwúrọ̀: Firísà Màámi

Ibi kíkà wa ni Máàkù orí 10, ẹsẹ 46 dé 52. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á ná kí ẹ tó bá mi lọ, kò gùn.

Ìtàn Bátíméù ni. Afọ́jú ni, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò, ó ń ṣagbe. Ó pariwo títí, wọ́n ní kó panu mọ́, kò gbà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jésù, Olúwa bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti ń yà mí lẹ́nu. Afọ́jú! Kí ni afọ́jú tún fẹ́ fẹ́? Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Síbẹ̀, Jésù bi í. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta, mo máa ń sọ pé Jésù fẹ́ gbọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni. N kò sọ pé irọ́ ni mo pa o. Ṣùgbọ́n firísà ìyá mi ló jẹ́ kí n rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Màámi ń ta ẹja áìsì ní Ìrẹsà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ó lè má wá fún ọjọ́ méjì, kó wá dé láago méjì òru, kó tún lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Firísà tí Màámi lò fún ọdún gbọọrọ, tí ìpẹtà ti jẹ lẹ́sẹ̀, ní kinní róbótó kan lẹ́yìn tí wọ́n ń yí, wọ́n kọ nọ́ńbà 1 dé 7 sí i lára. Màámi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ kinní yẹn bó ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Tí iná bá dé lóru, á dìde, á yí i dé òpin, kí ẹja dì gbagidi kí wọ́n tó mú iná lọ. Tí ọjà bá ti tà, tí ẹja ku díẹ̀, á yí i wálẹ̀ kí yúníìtì má baà tètè tán. Tí a bá ní kí ló ń yí kiri bẹ́ẹ̀, á ní, "Mo ń bá a sọ̀rọ̀ ni."

Nígbà tí firísà yẹn kú, àwa ọmọ mẹ́ta dáwó jọ, a ra tuntun. Inú wa dùn gan-an. Kò sí kinní yíyí lára èyí. Nọ́ńbà ló ń tàn lójú rẹ̀ bíi ti fóònù, bọ́tìnnì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ sílé. Mo fi í sí 18 lábẹ́ òdo, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹja dídì wà. Mo wá tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, mo tì í pa, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kàn án. "Ẹnikẹ́ni" tí mo ń wí yẹn, ẹ mọ ẹni tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́ o, Màámi. Ó máa dá gbogbo ẹ̀ ṣe." Ó wò ó, ó ní, "Àkànní, ẹ ṣeun o, Olúwa á ṣe tiyín. Tí iná bá wá dé lóru ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ sáà máa sùn, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀." Ó dákẹ́. Èmi rò pé ìdùnnú ló mú un dákẹ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, iná dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Ojú nọ́ńbà yẹn ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Kátọ́ọ̀nù ẹja méjì ló wà nínú ẹ̀. Màámi yan èyí tó ṣeé yan, ó tà á ní iye tí kò tó owó tó fi rà á. Èyí tó kù, ilẹ̀ la gbẹ́ fún un.

Ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe wá láti Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní nǹkan kan ò ṣe ẹ́ńjìnnì, gáàsì náà pé. Bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ló jóná. Ó ní a lè ra bọ́ọ̀dù mìíràn, ó wọ́n, ohun tó jó ti àkọ́kọ́ sì lè jó ìkejì. Tàbí kí òun yọ gbogbo ìyẹn dànù, kí òun fi tàmósítáàtì tí wọ́n ń fọwọ́ yí sí i, irú ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kinní yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ó wà lára ọ̀rọ̀ wa. Ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn, gáàsì díẹ̀ wà nínú ẹ̀, wọ́n dí i lẹ́nu pa. Wọ́n á ti orí ọ̀pá yẹn bọ inú firísà. Tí inú firísà bá móoru, gáàsì yẹn á fẹ̀, á ti irin pẹlẹbẹ kan, iná á wọlé, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá ti tutù tó, gáàsì á súnkì, iná á já, ẹ́ńjìnnì á sinmi. Èyí tí ẹ ń fọwọ́ yí, sípíríìnì ló ń fún tàbí tó ń dẹ̀. Òun ló ń sọ ibi tí "ó tó" wà. Ẹ kíyè sí i pé èyí náà ń dá ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó jókòó tì í tó ń tan ẹ́ńjìnnì tó ń pa á. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa tutù tó, ọwọ́ onílé ló wà.

Àwa oníwàásù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tàmósítáàtì yìí. Nínú lẹ́tà tí Martin Luther King kọ látinú ẹ̀wọ̀n ní Birmingham, lóṣù kẹrin ọdún 1963, ó ní ìjọ àkọ́kọ́ kì í kàn wọn bí ìlú ṣe gbóná sí, wọ́n ń yí ìlú padà ni, bí tàmósítáàtì. Èmi náà ti lò ó lórí pẹpẹ, ẹ sì ṣe àmín. N kò wá bi ara mi léèrè rí pé nílé ìyá mi, ọwọ́ ta ló ń yí i?

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ. Olùkọ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Warren Johnson, tó gba ìwé àṣẹ lórí tàmósítáàtì oníná ní 1883. Wàhálà tó ní kò ju pé kíláàsì rẹ̀ ń tutù jù tàbí kó móoru jù, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìwé sì ní láti máa wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kinní tí Johnson kọ́kọ́ ṣe, agogo ló ń lù nísàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ẹ̀rọ yẹn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń pè é ni.

Ká padà sí Ìrẹsà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, gúrúùpù WhatsApp àwa ọmọ gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ní a ò lè gbé nǹkan àtijọ́ sínú firísà tuntun, kí làwọn aládùúgbò máa wí? Àbúrò wa ní ká ra bọ́ọ̀dù, ká fi sítábíláísà ti í. Èmi gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo pe ọkùnrin náà pé kó dúró ná, a ṣì ń ṣèpàdé. Ó ní, "Ajíhìnrere, ẹ má bínú o, mo ti bi Màmá. Mo ní, èwo lẹ fẹ́? Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń yí."

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Èmi tí mo ní dípúlómà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, tí mo ti wàásù Bátíméù lẹ́ẹ̀mẹta, n kò bi ìyá tó bí mi ní ìbéèrè tí ọkùnrin onípúláyà yìí bi í. Nínú gbogbo ìpàdé wa, kò sí ẹni tó ronú kàn án. Ìfẹ́ ni mo pe ọ̀rọ̀ nígbà tí mo ti kinní yẹn pa. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ ra nǹkan ńlá fún ìyá, mi ò sì fẹ́ kí ìyá yẹn fi ọwọ́ ẹlẹ́ja bà á jẹ́. Báyìí ló ṣe rí, kí n má purọ́.

Ìyá kan nínú ìjọ wa lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó nílùú Òyìnbó. Kinní tó ń mú ilé gbóná wà lára ògiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọmọ ti ń darí rẹ̀ látibi iṣẹ́. Màmá á jókòó sínú búláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kan ògiri. Nígbà tí ọmọ wá yọ ọ́, tó fi èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí síbẹ̀, ó ní ìgbà yẹn lòun tó mọ̀ pé ilé ọmọ òun lòun wà, pé kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ajíhìnrere, àgbà mìíràn wà tí ohun tó bá fẹ́ lè pa á." Òótọ́ ni. Bàbá tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tó ṣì fẹ́ gun máṣíìnì lọ sóko lójú títì ọlọ́dà, màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oorun kò sì ní dá lójú mi. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ló ní láti máa kà oògùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jòhánù orí 21, ẹsẹ 18. Jésù sọ fún Pétérù pé tó bá darúgbó, ẹlòmíràn á di àmùrè fún un, á sì mú un lọ síbi tí kò fẹ́. Kò sọ ọ́ bí ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí. Ikú ló ń fi sọ. Nítorí náà, tó bá di dandan ká gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó yẹ kó ro wá lára. Èmi, kò rò mí lára rárá. Bọ́tìnnì méjì péré ni mo tẹ̀.

Ọkùnrin yẹn lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ firísà, ó ti ọ̀pá yẹn wọlé, ó fi síkúrúù de kinní yíyí náà síta. Kò lẹ́wà, n ò ní parọ́ fún yín. Níbi tí nọ́ńbà ti ń tàn tẹ́lẹ̀, dúdú ló wà níbẹ̀ báyìí. Lóṣù tó kọjá, Màámi yí i wálẹ̀ jù, ó gbàgbé, ẹja Titus mẹ́fà rọ̀. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é." Bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé ipò kan ni wọ́n dá padà fún un. Ẹja mẹ́fà yẹn la fi jẹ iyán ní Sátidé.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí láàárọ̀ yìí ni pé gúrúùpù ti tún gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká kó Màámi lọ sí Ìbàdàn. Ó ní orókùn wọn kò dára mọ́, ilé ìwòsàn jìnnà sí wọn, oko àti ọjà ti tó. Gbogbo ohun tó sọ ló bọ́gbọ́n mu. Mo ti kọ ọ́ pé mo fara mọ́ ọn, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo wá rántí pé Màámi kò sí nínú gúrúùpù yẹn. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni tiwọn. Mo pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀la, màá gun ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsà. Màá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firísà, màá sì bi wọ́n. Ẹ bá mi gbàdúrà o, nítorí n kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, n kò sì tíì mọ̀ bóyá màá lè gbà á.

Ajíhìnrere yín ni.