Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́ Èdè Ẹnìkejì?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará, ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tí ó kọjá, ó sì yẹ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ tí mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìyá kan mú ọmọ mẹ́ta wá. Mo kọ orúkọ méjì. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, tí mo mọ̀ pé adití ni, mo pa ìwé dé, mo ní, “Kí ni èyí yóò wá ṣe níbẹ̀?” Ìyá náà kò bínú. Ó kàn wí pé, “Akọ̀wé, ṣé ẹni tí kò gbọ́ kì í ní orúkọ ni?” N kò rí èsì fún un. Mo kọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò tíì fi mí sílẹ̀.

Mo rò pé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀: gbọ́. Ọmọ tí ó ń ṣe bí a ti wí, a ní ó gbọ́ràn; aláìgbọ́ràn ni alágídí. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti nà ní ilé àti ní ilé-ìwé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé etí wọn ni kò ṣiṣẹ́, pàápàá àwọn tí ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, tí a ń wí pé ohun tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé a gbọ́ Haúsá, èyíinì ni pé ó yé wa. Gbígbọ́ kejì yìí kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. Àwọn àgbà pàápàá wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí etí rẹ̀ dí lè gbọ́ èdè, bí a bá fi èdè náà síbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Alabama ní Amẹ́ríkà ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn lọ́rùn-lọ́rùn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, sọ ọ́ di adití. Ó kàwé títí ó fi di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Gánà ní 1957. Ní 1960 ó dé Nàìjíríà, ó sì dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kàdúná. Ọwọ́ ni ó fi kọ́ wọn, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní òkè òkun ṣì ń fìyà jẹ adití tí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ adití tí wọ́n péjọ ní Milan ní 1880 ti pinnu pé ẹnu ni kí a máa fi kọ́ wọn. Ó di 2010, ní Vancouver, kí ìpàdé àwọn olùkọ́ náà tó kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Kánò mọ sankarau. Ní 1996 nìkan, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, pàápàá ní Àríwá níhìn-ín, ó sì máa ń fi etí dídi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè. Nítorí náà ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíràn.

Òfin ti sọ tirẹ̀. Èyí tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama, ó sì ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnìkan tí a kọ́ láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi jókòó sáàárín àádọ́ta ọmọ, tí olùkọ́ kọjú sí pátákó tí ó ń fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀, kò tíì wọ ilé-ìwé. Àga ni a fún un. Bí a bá sì mú un lọ sí ilé-ìwé adití, tí ó gbọ́ èdè níbẹ̀, tí ó dé ilé ní ìsinmi tí baba àti ìyá kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wí, a ti sọ ọ́ di àlejò ní ilé baba rẹ̀. Ibi yòówù kí ọmọ náà lọ, kí ó bá èdè rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé nítorí ọmọ kan ni kí olùkọ́ àti àádọ́ta ọmọ ṣe máa kọ́ èdè ọwọ́? Ṣé àlejò kọ́ ni í kọ́ èdè onílé? Bẹ́ẹ̀ ni, àwa fúnra wa dé Kánò, a sì kọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n a ní etí tí a fi kọ́ ọ. Ọmọ yìí kò lè kọ́ bí a ti ń fi etí gbọ́. Àwa lè kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn méjì bá fẹ́ pàdé lọ́nà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ni í rìn jù. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ náà kì í ṣe àlejò. Inú ilé wa ni a bí i sí. Àwọn adití Haúsá ìlú yìí ní èdè ọwọ́ tiwọn, Maganar Hannu, àwọn kan tí etí wọn là a sì máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé àwa tí a gbọ́ Haúsá ẹnu kò lè gbọ́ ti ọwọ́?

Gbèsè ni mo pe èyí, n kò pè é ní àánú. Àánú, bí ó bá wù wá ni a ó ṣe é. Gbèsè, dandan ni kí a san án. Ẹ̀yin òbí, bí àìsàn líle bá mú ọmọ tí ó sì yè, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kíákíá. Bí ó bá dí, ẹ má ṣe fi ọdún mélòó kan wá ìwòsàn kiri kí ẹ tó fún un ní èdè. Ọdún tí ọmọ fi wà láìní èdè kò ṣeé rà padà. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo lè fi ọwọ́ pe orúkọ ọmọ náà nísinsìnyí, mo sì lè bi í bóyá ó ti jẹun. Kò tíì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣì í ṣe, a rẹ́rìn-ín, a di ìka mi mú, a sì tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti í ṣe fún ọmọ kíláàsì kìíní.